Orúkọ tí ojú rí, orúkọ tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀

Ẹ lè ṣí fódà kan lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), kí ẹ bá fáìlì méjì nínú rẹ̀ tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ Ọ̀yọ́.txt. Ojú kò tàn yín. Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kì í gbà kí fáìlì méjì jẹ́ orúkọ kan náà nínú fódà kan. Síbẹ̀ wọ́n tò síbẹ̀, lẹ́tà ò yàtọ̀, àmì ò yàtọ̀. Ẹ ṣí ọ̀kan, ẹ bá iṣẹ́ àná níbẹ̀. Ẹ ṣí èkejì, iṣẹ́ oṣù tó kọjá ni. Ẹ wá orúkọ náà, ọ̀kan péré ló jáde.

Ètò kékeré tó ń to orúkọ fáìlì síta ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò máa ń kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, a sì gbàgbé rẹ̀ kíá. Kò yẹ ká gbàgbé rẹ̀, àgàgà àwa tí à ń fi Yorùbá sọ fáìlì lórúkọ, torí ibẹ̀ la ti ń rí ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ gan-an, kì í ṣe ohun tó ń yà sójú ìwòran. Mo fẹ́ kí a wò ó dáadáa. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, ni màá lò.

```
import os
for oruko in os.listdir("."):
    print(oruko)
```

Ìlà mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi to.py, ẹ ṣí Terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), ẹ fi àṣẹ cd wọ fódà tí ẹ fẹ́ wò, kí ẹ wá tẹ python3 pẹ̀lú ibi tí to.py wà. Lórí Windows, py ni ẹ ó tẹ̀ dípò python3. Àmì ìdánudúró inú àkámọ́ yẹn túmọ̀ sí “ibi tí mo dúró sí báyìí”. Kò túmọ̀ sí “ibi tí ètò yìí ń gbé”. Ọ̀pọ̀ ló ṣì í níbí: wọ́n dúró sí fódà ilé wọn, wọ́n pe ètò tó wà nínú fódà mìíràn, ó wá to ohun tí wọn ò béèrè síta, wọ́n sì rò pé ètò náà bàjẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ojú ọ̀nà fódà náà sínú ètò fúnra yín lórí Windows, ẹ fi lẹ́tà r síwájú rẹ̀, báyìí: r"C:\Users\iwe". Láìsí r yẹn, Python yóò rí \U, yóò gbà pé nọ́ńbà lẹ́tà Unicode (àkójọ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà) ni ẹ fẹ́ kọ, yóò sì kọ̀ kí ìlà kankan tó ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ truncated \UXXXXXXXX escape tó máa jáde kò sọ fún ẹni tuntun pé ojú ọ̀nà fódà ló fà á.

Nǹkan mẹ́rin wà tí os.listdir kì í sọ fún yín. Kì í sọ èyí tó jẹ́ fáìlì àti èyí tó jẹ́ fódà. Ó dà wọ́n pọ̀ ni. Kì í fi èyí tó fara pamọ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ ó bá .DS_Store nínú fódà tó ti gba ọ̀dọ̀ Mac kọjá, ẹ ó bá desktop.ini nínú ti Windows. Orúkọ lásán ló ń dá padà, kò sí ojú ọ̀nà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá to fódà “orin” láti ìta, tó wá sọ pé open(oruko), fi ń gba FileNotFoundError fún fáìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lójú ara rẹ̀: inú “orin” ni fáìlì wà, ìta ni ètò ti ń wá a. Ẹ so wọ́n pọ̀, os.path.join("orin", oruko), ó parí.

Ẹ̀kẹrin ni títò lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí. Lórí ext4, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ Linux fi ń tọ́jú fáìlì, ìṣirò kan tí ẹ̀rọ ṣe lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ta ni yóò kọ́kọ́ jáde, ìṣirò náà kò sì mọ ABD. Tí àṣẹ ls bá fi orúkọ hàn yín létòlétò, òun ló tò wọ́n. Ó ní láti kó gbogbo wọn jọ tán kó tó tẹ ẹyọ kan jáde, ìyẹn ló fi máa ń dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ nínú fódà tó ní fáìlì tó pọ̀ jọjọ. Ẹ tẹ ls -U, kò ní tò wọ́n mọ́, ẹ ó sì rí i bí yóò ṣe yá.

Bí ẹ bá fẹ́ ya fáìlì sọ́tọ̀ kúrò lára fódà, os.scandir dára ju os.listdir lọ. Ó wọ Python ní 3.5. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé irú ohun tí nǹkan jẹ́ máa ń bá orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ètò kò sábà ní láti padà lọ béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

```
with os.scandir("orin") as ile:
    for nkan in ile:
        if nkan.is_file():
            print(nkan.name)
```

Ẹ má ṣe yí orúkọ fáìlì padà nínú ìyípo yẹn. Ẹ̀ ń kà á lọ́wọ́, ẹ sì ń yí i lọ́wọ́. Orúkọ tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún fáìlì lè tún bọ́ sí iwájú yín bí ẹni pé ẹ kò rí i rí. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo wọn sínú list, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ọ̀yọ́ méjì wa. Ẹ fi ìlà yìí rọ́pò print inú ètò àkọ́kọ́:

```
    print(len(oruko), len(os.fsencode(oruko)), ascii(oruko))
```

Ohun tí yóò jáde nìyí:

```
9 15 '\u1ecc\u0300y\u1ecd\u0301.txt'
11 15 'O\u0323\u0300yo\u0323\u0301.txt'
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye lẹ́tà àti àmì inú orúkọ, èkejì ni iye báìtì (ẹyọ àyè tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀), ìyókù ni orúkọ náà pẹ̀lú nọ́ńbà Unicode rẹ̀. Ẹ wò ó kínníkínní. Unicode fún Ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, 1ECC. Ó tún fún àmì ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 0323, kí ẹnikẹ́ni lè fi sábẹ́ lẹ́tà tó bá wù ú. Nítorí náà ọ̀nà méjì ló wà láti kọ Ọ: kí ẹ mú èyí tó ti wà lódindi, tàbí kí ẹ mú O, kí ẹ wá fi àmì sí i nídìí. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ ní 0300, ti òkè ní 0301. Wọ́n dá Ọ lódindi, wọ́n dá Ò lódindi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá Ọ̀ lódindi. Ọ̀, Ọ́, Ẹ̀ àti Ẹ́ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn rárá. Àkópọ̀ ni wọ́n nígbà gbogbo, àkópọ̀ náà sì lè gba ojú ọ̀nà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá fi gígùn nìkan ṣe òṣùwọ̀n, ẹ ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó dà bí ìbejì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tí ojú wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n tí Táíwò kì í ṣe Kẹ́hìndé. Linux kì í wojú. Báìtì ló ń kà, ohun tí báìtì rẹ̀ bá yàtọ̀, fáìlì mìíràn ni. NTFS ti Windows náà kì í pa wọ́n pọ̀. Mac ló yàtọ̀. HFS+, ọ̀nà tí Mac àtijọ́ fi ń tọ́jú fáìlì, máa ń tú gbogbo lẹ́tà sí wẹ́wẹ́ kó tó kọ wọ́n, bíi ti ìlà kejì òkè yìí. APFS tó rọ́pò rẹ̀ ní 2017 ń tọ́jú orúkọ bí ẹ ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí irú ìbejì bẹ́ẹ̀ gbé nínú fódà kan. Bí ẹ bá wá fi rsync kó fáìlì láti ara Mac àtijọ́ wá sórí Linux níbi tí Ọ̀yọ́.txt kan ti wà, ìbejì dé nìyẹn.

Orúkọ tí Unicode fún kíkọ lódindi ni NFC, èyí tí a tú sí wẹ́wẹ́ ni NFD. Ìlà kan ní Python, unicodedata.normalize("NFC", oruko), ń sọ èkejì di àkọ́kọ́. Níbi tí ọ̀pọ̀ àlàyé ń parí sí nìyẹn, kò sì tó fún Yorùbá. Àwọn kíbọọ̀dù kan wà tí kì í fi kókó kékeré sábẹ́ lẹ́tà, ìlà òòró kékeré ni wọ́n ń fi sí i, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 0329. Lójú tiwa, e̩ àti ẹ ò yàtọ̀. Àwọn àgbà kọ ọ́ báyìí, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú Unicode, àmì méjì tí kò bára tan ni wọ́n, NFC ò sì ní fọwọ́ kàn án láé. Ẹ gbọ́dọ̀ fúnra yín sọ ọ́ di ọ̀kan: oruko.replace("\u0329", "\u0323"), lẹ́yìn náà NFC. Tí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ẹ ó rò pé ẹ ti fọ fódà mọ́, nígbà tí ìdajì ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀.

Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa gba ẹlòmíràn níyànjú pé kó má fi àmì sí orúkọ fáìlì mọ́. Mo lòdì sí i. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, fáìlì tó jẹ́ “oko.txt” kò sọ bóyá ọkọ, oko, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ní fáìlì mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí yóò wá máa fi oko1, oko2 ṣe ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ lè gbé àmì wa. Ètò wa ló kù kó mọ bí yóò ṣe kà á.

Ibì kan wà tí ó ti yẹ ká ṣọ́ra, ìyẹn gígùn orúkọ. Ext4 kì í gba ju báìtì 255 lọ fún orúkọ kan. Ọ̀ kan ṣoṣo jẹ báìtì márùn-ún, yálà ẹ kọ ọ́ lódindi tàbí wẹ́wẹ́. Mọ́kànléláàádọ́ta péré ló kún inú 255. NTFS náà ní 255, ṣùgbọ́n kì í ṣe báìtì ló ń kà, ìdá UTF-16 (ẹyọ oníbáìtì méjì) ni, Ọ̀ sì jẹ́ méjì níbẹ̀ bí ẹ bá kọ ọ́ lódindi. Nítorí náà fáìlì tí ẹ fi odindi àkọlé ìròyìn sọ lórúkọ lè wà ní ìrọ̀rùn lórí Windows, kó wá kọ̀ láti wọ Linux pẹ̀lú File name too long. Ká sì dúpẹ́ lónìí o. Nínú Unix (ètò ìdarí kọ̀ǹpútà àtijọ́) ẹ̀dà keje, báìtì mẹ́rìnlá péré ni wọ́n fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, tí méjì sì wà fún nọ́ńbà fáìlì náà, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. “Ọ̀yọ́” nìkan yóò ti gba mọ́kànlá.

Títò lẹ́sẹẹsẹ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ fi sorted(os.listdir(".")) to fódà tí orúkọ ìlú wà nínú rẹ̀, tí ẹ ti sọ gbogbo wọn di NFC, ohun tí ẹ ó gbà nìyí: Abẹ́òkúta, Ilé-Ifẹ̀, Oǹdó, Èkó, Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣàgámù, Ẹdẹ, Ọ̀yọ́. Ṣàgámù ṣáájú Ẹdẹ! Nọ́ńbà lẹ́tà ni Python ń wò: I lásán kéré ju È lọ, Ṣ sì jẹ́ 1E62 nígbà tí Ẹ jẹ́ 1EB8. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní gba irú títò yìí. A ní lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ tẹ̀ lé e, gb tẹ̀ lé g, ọ tẹ̀ lé o, ṣ tẹ̀ lé s, àmì ohùn kì í sì í yí ipò lẹ́tà padà.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé NFD tó dá wàhálà sílẹ̀ lókè ló ń gbà wá níbí. Bí ẹ bá tú lẹ́tà sí wẹ́wẹ́, ẹ di e tí 0323 tẹ̀ lé, 0323 sì tóbi ju z lọ, nítorí náà ohun gbogbo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ yóò bọ́ sẹ́yìn ohun gbogbo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú e láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í. Ó kù ká yọ àmì ohùn, ká sì fi ọgbọ́n kan náà gbé gb sẹ́yìn g.

```
import os, unicodedata

def kokoro(oruko):
    s = oruko.replace("\u0329", "\u0323")
    s = unicodedata.normalize("NFD", s).lower()
    for ohun in "\u0300\u0301\u0304":
        s = s.replace(ohun, "")
    return s.replace("gb", "g\u0323"), oruko

for oruko in sorted(os.listdir("."), key=kokoro):
    print(oruko)
```

Báyìí: Abẹ́òkúta, Èkó, Ẹdẹ, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ṣàgámù. Orúkọ tí ẹ rí ní ìparí ìlà return wà níbẹ̀ kí ọkọ àti ọkọ̀ lè máa tò bákan náà lójoojúmọ́, torí tí a bá yọ ohùn kúrò, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nọ́ńbà inú orúkọ ò sí nínú ìṣirò yìí: orin10 yóò ṣì ṣáájú orin2. Ẹ kọ ọ́ ní orin02 láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rọrùn ju kí ẹ kọ ètò lé e lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ kó àkójọ náà sínú fáìlì lórí Windows máa ń tẹ py to.py > akojo.txt. Èkó yóò kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan Ẹdẹ, ètò yóò kú pẹ̀lú UnicodeEncodeError, 'charmap' codec can't encode character. Ìdí ni pé Windows tí wọ́n tò sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lo cp1252, kóòdù lẹ́tà àtijọ́ kan, fún ohun tí a darí sínú fáìlì, cp1252 sì mọ È àti ó, kò mọ Ẹ, kò mọ ṣ, kò mọ ń. Ojú ìwòran kì í ní ìṣòro yìí láti Python 3.6 wá, ìyẹn ló fi ń ya ẹni lẹ́nu pé ohun tó ṣiṣẹ́ lójú Terminal kò ṣiṣẹ́ nínú fáìlì. Ẹ tẹ set PYTHONUTF8=1 kí ẹ tó pe ètò náà, bí ẹ bá wà nínú cmd (ojú ìtẹ àṣẹ ti Windows), tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú ètò fúnra rẹ̀: open("akojo.txt", "w", encoding="utf-8"). Bó bá jẹ́ fáìlì csv tí Excel ni yóò ṣí i, utf-8-sig ni kí ẹ kọ. Ẹ sì gbé àkójọ náà sí fódà mìíràn, torí àmì > máa ń dá akojo.txt sílẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, yóò wá ka ara rẹ̀ mọ́ wọn.

Nígbà mìíràn ẹ lè bá orúkọ bíi ß╗î╠Ç nínú àkójọ. Ọ̀ ni. Fáìlì zip ló sábà ń bí i: ẹni tó dì í kò sàmì sí i pé UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń kọ Unicode ní báìtì) ni orúkọ inú rẹ̀, ẹni tó tú u wá kà á bí cp437, kóòdù àtijọ́ ti IBM. Kò sọnù, ẹ sọ pé oruko.encode("cp437").decode("utf-8"), yóò padà bọ̀ sípò. Ẹ má ṣe fọwọ́ tún un kọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àtúnṣe fódà ló kù, ibẹ̀ sì ni fáìlì ti lè sọnù pátápátá. Lórí Linux, bí ẹ bá fi os.rename sọ fáìlì ní orúkọ tí fáìlì mìíràn ti ń jẹ́, yóò pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, kò sì ní sọ ohunkóhun. Windows yóò kígbe FileExistsError. Linux kì í kígbe. Ẹ kò lè fi os.path.exists yẹ̀ ẹ́ wò lórí Mac pẹ̀lú ìdánilójú, torí Mac yóò ní NFC àti NFD jẹ́ fáìlì kan náà, yóò dáhùn pé ó wà, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló rí. Àkójọ orúkọ tí a ti kà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò:

```
import os, unicodedata

wa = set(os.listdir("."))
for o in sorted(wa):
    t = unicodedata.normalize("NFC", o.replace("\u0329", "\u0323"))
    if t == o:
        continue
    if t in wa:
        print("IBEJI", ascii(o))
    else:
        print(ascii(o), "->", ascii(t))
        wa.add(t)
```

Ètò yìí kì í yí nǹkan kan padà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà wa.add(t) ń dáàbò bo ibi tí orúkọ méjì tó yàtọ̀, ọ̀kan NFD, ọ̀kan olóòró, bá fẹ́ di orúkọ tuntun kan náà. Ẹ pè é, ẹ ka ohun tó tẹ̀ jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo èyí tó bá kọ IBEJI, ẹ ṣí fáìlì méjèèjì, ẹ wò èyí tí ẹ fẹ́, ẹ fún èkejì ní orúkọ mìíràn pátápátá, bíi Ọ̀yọ́-àtijọ́.txt. Ẹ tún ètò náà pè. Ìgbà tí IBEJI kankan ò bá jáde mọ́ ni kí ẹ tó fi os.rename(o, t) sábẹ́ wa.add(t), pẹ̀lú ẹ̀dà fódà náà lórí dísíìkì mìíràn. Lẹ́yìn tó bá ṣiṣẹ́ tán, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i: bí ó bá dákẹ́ láì tẹ ìlà kankan jáde, fódà yín ti mọ́.